Ilé-ìwé ìjọba ni tàbí ti aládàáni? Ohun tó yẹ kí òbí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà yẹ̀ wò kí wọ́n tó forúkọ ọmọ sílẹ̀

Láàárọ̀, lójú títì tó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, ọlọ́kadà kan lè gbé ọmọ mẹ́ta láti agbo ilé kan, kó sì já wọn sílẹ̀ níwájú ilé-ìwé mẹ́ta. Ọ̀kan ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí bàbá rẹ̀ náà lọ. Èkejì ń lọ sí ti aládàáni tí wọ́n ṣí sínú ilé gbígbé. Ẹ̀kẹta ń lọ sí ti ìjọ, níbi tí owó sáà kan ti lè gbé gbogbo èrè tí ìyá rẹ̀ jẹ lọ́jà Ọ̀sẹ̀lẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù kan náà ló ń da àwọn òbí yìí láàmú: kí ọmọ má lọ fi ọdún mẹ́fà jókòó lásán.

Ìbẹ̀rù náà nídìí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNICEF ṣe lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, nǹkan bí mẹ́ta ni kò lè ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kó sì yé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè ṣe ìṣirò tó rọrùn. Òbí tó bá gbọ́ irú èyí, tí oorun rẹ̀ kò dá, kò ṣe àṣejù. Àmọ́ àwọn ohun tí a sábà máa ń fi mọ ilé-ìwé tó dára lè tàn wá jẹ. Bí gbogbo òbí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ bá sì kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọba, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wa la fi ń mú ohun tí a ń bẹ̀rù ṣẹ.

Báwo la ṣe dé ibi tí a wà yìí?

Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awokoya, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò sókè láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan péré. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ní Àkókó, níbi tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wà, àwọn ẹlẹ́sìn ló ti ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìjọ Áńgílíkà dá Victory College sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́dún 1947. Ìjọ Àgùdà ló dá Mount Carmel sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti St. Patrick's ní Ìwárò-Ọ̀kà. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979, orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn ṣí gbayawu: Kudiratu ń jókòó ní ilé-ìwé tí wọ́n fi orúkọ ẹni mímọ́ Àgùdà pè, Sunday sì ń kàwé ní ti Ansar-Ud-Deen. Lọ́dún 1979, Michael Adékúnlé Ajáṣin, ẹni tí yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, di gómìnà Oǹdó, ó sì sọ ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ìyà dé. Owó epo já wálẹ̀, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé lọ́dún 1986, náírà kò níyì mọ́, owó oṣù tíṣà kò sì tó jẹun. Òrùlé ń jò, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ rẹ̀ jáde.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òbí bá kó ọmọ jáde?

Ẹni tó ṣàlàyé èyí dáadáa jù lọ ni Albert Hirschman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, nínú ìwé kan tó gbé jáde lọ́dún 1970. Ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó kíyè sí i pé ọkọ̀ ojú irin wa ń bàjẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bá a du ẹ̀pà tí wọ́n ń kó láti òkè Ọya wá sí etíkun. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tó bá ní abánidíje yóò tún ìwà ṣe. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí inú ń bí jù, tó mọ ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, ni wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn tó kù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú irin pàdánù àwọn tí ariwo wọn ìbá tún un ṣe, ìjọba sì ń bá a san gbèsè.

Hirschman fúnra rẹ̀ fi ilé-ìwé ìjọba ṣe àpẹẹrẹ. Òbí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ jẹ lógún jù ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò ńlá, títí kan tíṣà tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba, ni irú òbí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ, ta ni yóò dìde nípàdé òbí àti olùkọ́ láti béèrè ìdí tí kíláàsì kẹrin kò fi ní tíṣà ìṣirò?

Ṣé èsì WAEC tó láti fi yan ilé-ìwé?

Kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé-ìwé tó ń fi ìdánwò yan ọmọ ti ṣa àwọn tó mọ̀wé kí wọ́n tó wọlé. Ìkejì, ìmọ̀ àti owó ilé tí ọmọ ti wá ń ṣiṣẹ́ tó pọ̀. Nínú ìwádìí tí onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, James Coleman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1966, wọ́n yẹ nǹkan bí 600,000 akẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọ́n rí i pé ipò ilé tí ọmọ ti wá ló ń pinnu èsì rẹ̀ ju ilé àti ohun èlò tí ilé-ìwé ní lọ. Wọ́n tún rí i pé irú àwọn ọmọ tí ọmọ tálákà ń bá jókòó ní kíláàsì máa ń ràn án lọ́wọ́. Ìkẹta, àwọn ibi kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí míráákù sẹ́ńtà, tí wọ́n ń gba owó láti gbé ìdáhùn fún ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún òbí nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀.

Ṣé ọmọ mi kò ní bàjẹ́ láàárín àwọn ọmọ oríṣiríṣi?

Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí kì í sọ síta, ó sì ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Nílùú Delhi, ní Íńdíà, ìjọba pàṣẹ láti ọdún 2007 pé kí àwọn ilé-ìwé aládàáni ńláńlá máa gba ọmọ tálákà sáàárín ọmọ olówó. Gautam Rao, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí wọn jáde lọ́dún 2019. Ó ní kí àwọn ọmọ olówó yan ẹni tí wọn yóò jọ sáré gbé-ọ̀pá-fún-mi, kí ẹni tó bá borí gba owó. Láàárín àwọn tí kò bá ọmọ tálákà kàwé rí, àwọn kan ń fi ọmọ tálákà tó lẹ́sẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń mú ọmọ olówó tó ń fà. Àwọn tó ti bá wọn jókòó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn sì máa ń ṣí sí ẹlòmíràn. Máàkì wọn nínú ìṣirò àti èdè Hindi kò lọ sílẹ̀. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Àkókó yóò mọ ìdí tí èyí fi kàn wá. Ní ibi kékeré yìí, ọmọ Àrìgìdì ní èdè tirẹ̀, ọmọ Kákùmọ̀ ń sọ Ùkàán, ọmọ Òkè-Àgbè ń sọ Àfá. Ẹ̀bìrà ń dáko lẹ́yìn ìlú, Ígbò ń tajà láàárín ìgboro, wọ́n sì ń bí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ sínú ẹbí kan náà. Ilé-ìwé ìjọba ni ibi tí gbogbo wọn ti lè pàdé lọ́mọdé, kí wọ́n tó pàdé nídìí ìbò tàbí ìjà ilẹ̀. Ilé-ìwé tó kó ọmọ ìjọ kan ṣoṣo jọ lè kọ́ wọn ní ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fún wọn ní èyí.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ láti jẹ́lé-ó-sinmi ńkọ́?

Ó ń wu òbí gan-an, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì kẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé. Mo gbà pé àṣìṣe ni. Ọmọ tó ń ké Gẹ̀ẹ́sì bí orin lè má mọ ohun tó ń sọ.

Kí ni kí òbí wá ṣe?

Ẹ dán ọmọ yín wò fúnra yín. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin tó rọrùn sínú ìwé, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kà á, kí ó sì sọ ohun tó kà. Ọmọ kíláàsì kẹta tí kò lè ṣe é nílò ìrànlọ́wọ́, ibi yòówù kó ti ń kàwé.

Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹ wo déètì tí bíró pupa tíṣà kan án gbẹ̀yìn. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti rí ohun tí ọ̀dà ara ògiri kò lè sọ fún yín.

Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí àwọn tíṣà. Ìlànà orílẹ̀-èdè ní kí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ó kéré tán ìwé ẹ̀rí NCE. Tíṣà ilé-ìwé ìjọba sábà máa ń ní in. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ló ń kọ́ni.

Ẹ mọ òfin. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBE, ti ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní ilé-ìwé ìjọba, títí kan ìwé àti àga. Ẹni tó bá gba owó lórí rẹ̀ níbẹ̀ ń rú òfin. Ìgbìmọ̀ SBMC tó ń bójú tó ilé-ìwé, níbi tí àwọn ará àdúgbò náà ní ìjókòó, ni kí ẹ kọ́kọ́ kó ẹjọ́ lọ bá. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Àkúrẹ́.

Bí ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí yín kò bá ní tíṣà rárá, mi ò ní sọ fún òbí kankan pé kó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ nítorí ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ló ní tíṣà tó kàwé, tó sì kù díẹ̀ kó dára. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: òbí mẹ́wàá tó ń wo ìwé ọmọ wọn, tó ń lọ sí ìpàdé, tó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lè mú kí ọ̀gá ilé-ìwé kan jí gìrì. Kí ẹ tó san owó sáà tó ń bọ̀ níbòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wọlé sí ilé-ìwé ìjọba àdúgbò yín, kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan. Bí ẹ bá rí tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ fi ọmọ yín lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì dúró tì í.