Òótọ́ àbí irọ́? Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bo ìyà obìnrin mọ́lẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Láti Onípàánù dé Ládilak, láti Fọlá Agoro dé etí omi Ìlàjẹ, ọ̀pọ̀ ilé ni yàrá ti dojú kọ yàrá, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo kíṣìnnì kan. Bí ọkùnrin bá ń lu ìyàwó rẹ̀ lóru, ará ilé á ti gbọ́ kí ọlọ́pàá tó gbọ́. Ohun tí a bá sọ lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ló máa ń pinnu bóyá obìnrin náà á rí ẹni gbà á.

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ má dá sí i."

Irọ́ ni. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Lílù nìkan kọ́ ni òfin náà kà sí ìwà ipá. Ìhàlẹ̀, èébú, bíba dúkìá ẹni jẹ́, àti fífi owó jẹ èèyàn níyà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Obìnrin lè lọ sí kóòtù kí adájọ́ pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà yé yọ ọ́ lẹ́nu. Bí òun náà bá fọwọ́ sí i, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá lè bá a gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ẹ rí i pé òfin fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni kẹta.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù: "Tí wọ́n bá parí ìjà tán, wọ́n á jọ sùn, ìwọ tó dá sí i lo máa di ọ̀tá." Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kó ara yín jọ ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ ní iyọ̀ lẹ wá tọrọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń lu obìnrin kì í fẹ́ kí ojú kan òun. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe nọ́ḿbà pàjáwìrì 112 tàbí 767. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí obìnrin kan nínú ilé bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kó sì bi í ní ohun tó fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe.

"Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni, á jẹ́ pé kò tó nǹkan."

Irọ́. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 lórí ìlera àwọn ìdílé bi àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò ní ohun tí wọ́n ṣe. Ìdá 55 nínú 100 wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rárá, wọn kò sì wá ìrànwọ́ kankan.

"Àjèjì ni kí a máa ṣọ́ ọmọ fún."

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọdé pẹ̀lú, irọ́ yìí ló sì léwu jù. Nínú ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní 2014, obìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti hùwà ìbálòpọ̀ tí kò tọ́ sí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọmọ mọ̀ ló ń ṣe é: ará ilé, aládùúgbò, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń rán an sí.

"Kí ẹbí jókòó yanjú ẹ̀, kí orúkọ ọmọ má bàa bàjẹ́."

Irọ́ pátápátá. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fipá bá obìnrin lò tàbí tó bá ọmọdé lò pọ̀. Baálẹ̀ kò lè parí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pásítọ̀, àlùfáà tàbí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA). Bí ẹ ṣe jókòó ìpàdé yẹn, àkókò ń lọ: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé wákàtí 72. Ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ibùdó ìtọ́jú Mirabel Centre, tí wọ́n ṣí sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ní 2013, tàbí ibùdó WARIF ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Ṣómólú rárá. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú wọn. Bí wákàtí 72 bá tilẹ̀ ti kọjá, ẹ ṣì lọ. WARIF yìí náà ló ń kọ́ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe lè dá obìnrin tí wọ́n ń fìyà jẹ mọ̀. Mo fara mọ́ ọn gan-an, nítorí obìnrin tí kò lè wọ tẹ́ṣàn á sọ tinú rẹ̀ fún ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀.

"Àdúgbò lè yí ìwà ọkùnrin padà."

Òótọ́ ni. Ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní SASA!. Ará àdúgbò lásán, tọkùnrin tobìnrin, ló ń bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe eré fún wọn wò, fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n fi àdúgbò mẹ́rin tó gba ètò náà wé mẹ́rin tí kò gbà á. Èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé lílù obìnrin fi ìdá 52 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Ṣé eléré ló wọ́n Bàrígà ni? Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ eléré Crown Troupe of Africa ti hù jáde.

Àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilò, DSVA, ti di àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti 2021, nọ́ḿbà wọn tí kì í ná ni lówó sì ni 08000 333 333. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú tí ẹ ń tẹ káléńdà àti ìwé ìpè òde fún gbogbo Èkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi nọ́ḿbà yìí sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.