Kí ló mú kí ìdíje sẹ́nétọ̀ Michigan le koko lẹ́yìn Stabenow?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Debbie Stabenow fi ṣojú ìpínlẹ̀ Michigan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà kó tó fẹ̀yìntì. Ní 2018, ó fi ìbò tó lé ní 270,000 ju alátakò rẹ̀ lọ. Ní 2024 tí kò dupò mọ́, nǹkan bí 19,000 péré ni Elissa Slotkin, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat bíi tirẹ̀, fi borí Mike Rogers ti Republican.

Aráàlú ti mọ orúkọ ẹni tó wà lórí àléfà, owó ìpolongo a sì máa tètè wọlé fún un. Arọ́pò ní láti wá tirẹ̀.

Lóòótọ́, àga òfìfo nìkan kọ́ ló fà á. Ọjọ́ kan náà ni Donald Trump borí ní Michigan, ṣùgbọ́n ìbò Rogers fi ohun tó lé ní 120,000 dín sí ti Trump. Ká ní ìdá kan péré nínú márùn-ún ìbò wọ̀nyẹn bọ́ sọ́wọ́ Rogers ni, òun ni ì bá gba àga náà.