Ìgò Mélòó Ni Ẹ Ń Mu Lálẹ́?

Ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó máa ń wí pé, “Bíà lásán ni mo ń mu, n kì í fẹnu kan ọtí líle.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò.

Ìgò bíà ńlá gba 60 sẹ̀ǹtílítà. Bí a bá kọ ọ́ sí i lára pé 5 nínú 100 ni agbára rẹ̀, ògidì ohun tí ń mú ọtí pani tí ó wà nínú rẹ̀ kún síbí ìjẹun ńlá méjì. Ìgò mẹ́ta jẹ́ síbí mẹ́fà. Bí agbára ògógóró bá jẹ́ 40 nínú 100, ẹni tí ó mu ìgò bíà mẹ́ta ti mu ju ife ògógóró kékeré méje lọ! Paraga àti àgbo tí a fi ọtí rẹ náà ńkọ́? Ọtí ni wọ́n, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń mú ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í kánjú. Ìgò ńlá kan a máa gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí ó mu ìgò mẹ́ta láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ lè jí ní ìdájí, kí ó jókòó sídìí ọkọ̀, kí ọtí sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Epo pupa, kọfí tàbí omi tútù kò lè mú iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yá.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá pẹ́, ọtí a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọdún 1988 ni a ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu rárá. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Báwo ni a ó ṣe dín in kù? Èkínní, ẹ kọ iye tí ẹ mu lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì, ẹ yan ọjọ́ mélòó kan láàrin ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní mu rárá. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹun kí ẹ tó mu, kí ẹ sì máa fi omi là á. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe kó páálí bíà pamọ́ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu ọtí kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí dókítà fún un ní oògùn tí yóò fi kúrò nídìí rẹ̀ láìséwu.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má bá ọkọ yín jà nígbà tí ọtí ń pa á. Ẹ dúró di àárọ̀ tí ojú rẹ̀ bá dá, kí ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jọ ka ìgò náà.