Níbo Ni Imú Ọkọ̀ Kọjú Sí?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, kò sí òkun ní Odògbólú, ṣùgbọ́n à ń jẹ ẹja òkun, Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sà wà kò sì jìnnà sí wa. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń mú apẹja padà wálé láyọ̀.

Láyé àtijọ́, oòrùn àti ìràwọ̀ ni apẹja fi ń mọ ọ̀nà. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, ọ̀nà dí nìyẹn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ẹ̀rọ tí à ń pè ní GPS. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lókè ọ̀run, ó sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Ibi tí ọkọ̀ wà yàtọ̀ sí ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, GPS mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì láti fa àwọ̀n, omi a máa gbé ọkọ̀ lọ. Létí òkun wa, omi sábà máa ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn. GPS yóò wí pé ìlà-oòrùn là ń lọ, bẹ́ẹ̀ imú ọkọ̀ lè kọjú sí agbami. Bí a bá tan ẹ́ńjìnnì, kí GPS tó tún ara rẹ̀ ṣe, a lè ti gun àwọ̀n ẹlòmíràn, tàbí kí a bọ́ síwájú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá.

Kọ́ńpáàsì oníná ló ń tán ìṣòro yìí. Wáyà ni a fi ń so ó mọ́ GPS. Ó ń mọ agbára òòfà ilẹ̀ ayé, bíi kọ́ńpáàsì abẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti lò lójú òkun láti ohun tó lé ní 900 ọdún sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró, ó mọ ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí.

Bí a bá fẹ́ fi í sínú ọkọ̀, ẹ rántí nǹkan mẹ́ta:

1. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, irin, bátìrì àti sípíkà rédíò. Wọ́n ń tàn án jẹ.

2. Ẹ jẹ́ kí àmì iwájú rẹ̀ kọjú sí imú ọkọ̀ gan-an.

3. Níbi tí omi ti parọ́rọ́, ẹ yí ọkọ̀ po díẹ̀díẹ̀, bí ìwé ẹ̀rọ náà ti wí. Báyìí ni yóò fi mọ irin tó wà nínú ọkọ̀, tí kò fi ní ṣì wá lọ́nà.

Ẹ má ṣe ju kọ́ńpáàsì abẹ́rẹ́ nù o. Bátìrì lè kú lójú omi, abẹ́rẹ́ kì í lo iná.

Lójú ẹ̀rọ, N ni àríwá, S ni gúúsù, E ni ìlà-oòrùn, W ni ìwọ̀-oòrùn. Ní òkun tiwa, àríwá ni ilẹ̀ wà. Apẹja tó bá mọ N kà nínú kùrukùru ti mọ ọ̀nà ilé.