Èdè kọ̀ǹpútà tuntun dé: Ṣé ká wá da ti àgbà nù?

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn bí a ṣe ń wo àríyànjiyàn kan tó ti ń lọ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé ṣé kí àwọn máa lo èdè tuntun kan tó ń jẹ́ Rust, àbí kí àwọn dúró ti C àti C++ tí ayé ti ń lò tipẹ́?

Ẹnìkan nínú yín lè béèrè pé kí ló kàn wá ńbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Fóònù tí ẹ fi ń bá àwọn ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi sọ̀rọ̀, tí ẹ sì fi ń mọ̀ bóyá owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti wọlé, àwọn èdè wọ̀nyí wà nídìí rẹ̀. Bí ọ̀dádá bá fẹ́ gba inú fóònù dé ibi owó yín, àlàfo tí irú èdè bẹ́ẹ̀ bá fi sílẹ̀ wà lára ibi tó ti máa ń wọlé.

Kí ni wọ́n ń pè ní èdè kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oókan àti òdo nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi dá èdè tí èèyàn lè kọ sílẹ̀, tí ògbufọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà yóò wá máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà. COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, ṣì ń ṣírò owó ní àwọn bánkì ńlá lókè òkun títí di òní. Dennis Ritchie ló ṣe C ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972. Níbẹ̀ náà ni Bjarne Stroustrup, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979 lórí èyí tó wá di C++.

Eré ni C fi gbayì. Ó fi gbogbo agbára ẹ̀rọ lé ẹni tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kò sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjà tí kò ní ọdẹ

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí dà bí ọjà tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ká ní ètò kan gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Nínú èdè C, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró tó bá ki ọwọ́ bọ ìkọkànlá, èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé tó ti kó jáde ṣe lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá kó ẹrù síbẹ̀, ẹni àná lè ṣílẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó ń kọ ètò ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ta ni yóò kọ iṣẹ́ tó gùn tó mílíọ̀nù ìlà tí kò ní gbàgbé ìlẹ̀kùn kan ní ṣíṣí?

Irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ló fa èyí tí wọ́n pè ní Heartbleed, tí àṣírí rẹ̀ tú ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Inú OpenSSL ló wà, ètò tí ọ̀pọ̀ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ti ìlẹ̀kùn ara wọn. Ó dà bí ẹni tó gbé ife ìrẹsì kan fún ọlọ́jà kó bá òun tọ́jú rẹ̀, tó wá padà dé tó ní odidi àpò lòun gbé wá. Ọlọ́jà kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó bu ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹlòmíì wà lára ohun tí olè lè tipa bẹ́ẹ̀ kó lọ.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ètò ààbò kan tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ṣe lọ wo ohun kọkànlélógún níbi tí nǹkan ogún péré wà. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ kọ̀ǹpútà ló dákú. Ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sì ní láti sún iṣẹ́ síwájú. Ilé-iṣẹ́ Microsoft náà ti sọ ní 2019 pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo ààbò tí àwọn ń dí lọ́dọọdún ló jẹ́ irú àṣìṣe ṣọ́ọ̀bù yìí.

Ohun tí Rust mú wá

Ní ọdún 2006, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Graydon Hoare délé rẹ̀ nílùú Vancouver, ní Kánádà. Àjà kọkànlélógún ló ń gbé, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè sì ti kọṣẹ́ nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti dákú. Ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé òkè, inú bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè tuntun. Ó fi àrùn kan tó máa ń mú ewé irúgbìn sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn èyí tó máa ń jẹ́ kí ewé àgbàdo pọ́n bí irin tó dógùn-ún, nítorí pé àrùn náà kì í tètè kú. Mozilla, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, gbé iṣẹ́ náà lárugẹ nígbà tó yá. Oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó dúró sójú kan jáde.

Rust gba ọdẹ sínú ọjà. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè ni ṣọ́ọ̀bù kan. Ó lè yá àwọn ẹlòmíì kí wọ́n wo ọjà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń tún ọjà náà tò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa wò ó lọ́wọ́. Bí onílé bá sì ti lọ, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò yìí ni kọ̀ǹpáílà ń ṣe kí ọjà tó ṣí rárá. Èyí ló fi yàtọ̀ sí Java, tó jáde ní 1995. Java náà kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù onísọ̀ọ́bù, ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ rẹ̀ máa ń rìn kiri láàárín ọjà nígbà tí títà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń dá iṣẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Rust kò ní agbálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tó fi lè bá C sáré.

Ọ̀rọ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀

Àmọ́ ọdẹ tó bá le jù máa ń sú ọlọ́jà. Rust kò rọrùn láti kọ́, nítorí pé kọ̀ǹpáílà rẹ̀ máa ń kọ iṣẹ́ padà lemọ́lemọ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó parí ìtumọ̀ iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fi C àti C++ ṣe láti àádọ́ta ọdún kò ṣeé kó dànù lóòjọ́.

Ẹ wo Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android. C ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n fàyè gba Rust nínú rẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ náà sì ti ń kọminú. Wọ́n ní bí wọ́n bá po èdè méjì pọ̀, ta ni yóò máa tún un ṣe lọ́la? Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di iṣu ata yán-an yàn-an ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Torvalds dá sí i. Ó ní kò sẹ́ni tí wọ́n ń fi dandan mú láti kọ́ Rust, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ẹ kò lè dí ẹni tó fẹ́ ẹ lọ́wọ́.

Rust kì í sì í ṣe àjídèwe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ètò tí wọ́n fi Rust kọ ní ilé-iṣẹ́ Cloudflare bá fáìlì kan tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ pàdé. Ẹni tó kọ ọ́ kò ronú pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, ètò náà sì dúró gbagidi. Ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ló wó lulẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọjà kò ná. Ọdẹ lè lé olè lọ; kò lè bá ọlọ́jà ronú.

Níbo ló wá já sí?

Èsì tó yé wa jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ Google, tó ni Android. Ní 2024, wọ́n jábọ̀ pé ní ọdún 2019, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo ààbò inú Android ló jẹ́ àṣìṣe ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 24. Ohun tó yẹ ká fi ọkàn sí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Wọn kò wó ilé àtijọ́. Yàrá tuntun ni wọ́n ń fi Rust àti àwọn èdè mìíràn tó ní ọdẹ kọ́. Wọ́n rí i pé inú iṣẹ́ tuntun àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn ni ọ̀pọ̀ àlàfo máa ń wà. Iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti lò pẹ́, tí wọ́n ti lẹ̀ láìmọye ìgbà, àlàfo rẹ̀ ń dín kù ni. Àkísà àgbà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bó bá wá bá yín pé òun fẹ́ sanwó kọ́ èdè tuntun nítorí pé ti àtijọ́ ti kú, ẹ sọ fún un pé kò tíì kú. Kó kọ́ C kó lè mọ bí ọjà ṣe rí, kó sì kọ́ Rust kó lè mọ ìdí tí ọjà fi nílò ọdẹ. Ẹ̀yin fúnra yín náà, bí fóònù yín bá ní òun fẹ́ gba àtúnṣe, tó sì jẹ́ pé inú ètò fóònù gan-an ni ìkìlọ̀ náà ti wá, ẹ má fi dọ́la. Àlàfo tí wọ́n ti rí ni wọ́n fẹ́ bá yín dí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.