Ọmọ adúláwọ̀ ló di kọ́kọ́rọ́ láíbìrì olówó Amẹ́ríkà mú, aráyé ò mọ̀!

Bẹ́ ẹ bá dé New York, ẹ yà sí Madison Avenue níbi tó ti pàdé 36th Street, kẹ́ ẹ wo ilé tí J. P. Morgan, bàbá olówó tó ni báńkì, kọ́ fún àwọn ìwé ẹ̀. Láàárín 1902 sí 1906 ni Charles McKim bá a kọ́ ọ, àfi bí ààfin àwọn ọlọ́lá Ítálì ayé àtijọ́!

Inú ẹ̀ gan-an ni nǹkan wà. Pẹpẹ ìwé alájà mẹ́ta ló yí gbọ̀ngàn ńlá ká látilẹ̀ dókè. Ẹ máa wá àtẹ̀gùn tì: ẹ̀yìn pẹpẹ ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Àwòrán ni H. Siddons Mowbray yà kún òkè àjà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni aṣọ híhun láti Brussels tó wà lókè ibi ìdáná: àwòrán ọ̀kánjúwà ló wà lára ẹ̀. Nílé olówó!

Ní November 1907, nígbà táwọn èèyàn ń sáré kówó wọn kúrò ní báńkì, Morgan pe àwọn ọ̀gá báńkì síbẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó gbà láti dá 25 mílíọ̀nù dọ́là.

Àmọ́ àṣírí tó ju ti àtẹ̀gùn lọ wà níbẹ̀. Láti 1905 ni ọmọbìnrin kan, Belle da Costa Greene, ti ń bá Morgan tọ́jú ìwé, tó tún ń bá a rà wọ́n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Potogí wà lára òun, ló fi ń jẹ́ da Costa, orúkọ táwọn Àgùdà Èkó náà ń jẹ́. Irọ́ ni o! Richard Greener, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Harvard lọ́dún 1870, ni bàbá tó bí i.

Èmi ò ní bú u. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá mọ̀ pé adúláwọ̀ ni, ta ni yóò jẹ́ kó fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ohun tó kàn dùn mí ni pé ó di dandan kó sẹ́ bàbá ẹ̀.

Nígbà tọ́mọ Morgan ṣí láíbìrì náà fáráàlú lọ́dún 1924, Belle ló di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, títí dé 1948. Kó tó kú lọ́dún 1950, ó ti dáná sun àwọn ìwé àdáni ẹ̀. Ọdún 1999 ni Jean Strouse, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Morgan, gbé e jáde pé òun ti rí ìwé ìbí Belle. Orúkọ Greener ló wà níbẹ̀.