"Ìdánwò Kùnà": Ta Ni Ó Kùnà? Àkíyèsí lórí Kíka Àbájáde Ìdánwò Aládàáṣe fún Ojú-ìwé Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe lè ka àbájáde ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò mú kí kíkà náà tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan mọ́. Ògbufọ̀ tí ó bá túmọ̀ ojú-ìwé ilé-ìfowópamọ́ tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ sí Yorùbá lè rí i pé wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: ìdánwò kùnà. Bí kò bá mọ ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ, ó lè máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ó lè yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ lè gbà á.

Aṣàwákiri ni a ń pe ètò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2004 ni Jason Huggins, ní iléeṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago, bẹ̀rẹ̀ Selenium, irinṣẹ́ tí ó ń darí aṣàwákiri bí ẹni pé ènìyàn ni ó jókòó tì í. Ó ń ṣí ojú-ìwé, ó ń kọ orúkọ sínú àpótí, ó ń tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń wò ó bóyá ohun tí a retí ni ó jáde. Àwọn irinṣẹ́ mìíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Playwright, tí Microsoft gbé jáde ní 2020, wà lára wọn.

2. Ẹni tí ó kùnà

Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni dán...wò. Ó ní olùṣe, ó sì ní àbọ̀: olùkọ́ dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń yege, òun náà ni ó ń fìdí rẹmi. Ìdánwò fúnra rẹ̀ kì í fìdí rẹmi. Bí Yorùbá bá gbọ́ pé ìdánwò kùnà, ohun tí yóò rò ni pé ìdánwò náà kò ṣeé ṣe: bóyá òjò ló dé, bóyá ìbéèrè ló ti jò síta. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ìdánwò ṣe olùwà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí èdè tiwa ń ṣe yìí gan-an ni ẹni tí ń ka àbájáde gbọ́dọ̀ máa ṣe.

JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma dá sílẹ̀ ní 1997, ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ó pè ní failure ni ìgbà tí ìdánwò dé ibi ìbéèrè rẹ̀, tí ìdáhùn kò sì bá ohun tí a retí mu. Error ni ìgbà tí ohun tí a kò retí dá ìdánwò dúró lójú ọ̀nà. A dábàá àìbáramu fún èkíní, àti ìdílọ́wọ́ fún èkejì. A kò fara mọ́ àṣìṣe fún ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé àṣìṣe ní ẹni tí ó ṣe é, a kò sì tíì mọ ẹni náà. (Àdánwò pàápàá kò dára tó fún ìdánwò, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé-ìjọsìn.)

Ẹ̀kẹta ni àbájáde ségesège. Ìdánwò kan náà, lórí ojú-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, yege láàárọ̀, kò yege lọ́sàn-án. Ní 2016, John Micco ti Google kọ ọ́ pé nǹkan bí 16 nínú 100 ìdánwò wọn ni ó ní ségesège nínú dé ìwọ̀n kan. Ó ní nínú gbogbo ìgbà tí àbájáde yí láti yíyege sí àìyege, nǹkan bí 84 nínú 100 ni ó kan irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdánwò ti tẹ bọ́tìnnì kí ojú-ìwé tó jókòó tán. Àwọn kan a ní kí ìdánwò sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Èyí kò wo àìsàn náà sàn. Kí ó dúró de àmì kan pàtó lójú-ìwé ni ó yẹ.

3. Ẹ̀rí

Bí àkọsílẹ̀ bá sọ pé àkókò pé, ibi tí sùúrù ẹ̀rọ ti tán ni ó ń sọ. Kò sọ ohun tí ó fà á. Nínú Playwright, bí a kò bá yí i padà, 30 ìṣẹ́jú-àáyá ni gbèdéke fún ìdánwò kan. Kí a wo àwòrán tí irinṣẹ́ yà ní àkókò náà: ó lè jẹ́ pé ìkéde kan ni ó bo bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Bí ogójì ìdánwò bá sì kọsẹ̀ papọ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni kí a kà. Ìdílọ́wọ́ kan ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé tó láti dá gbogbo ìyókù dúró.

4. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́

Ibi tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Àkọsílẹ̀ lè sọ pé: a retí Ọ̀rẹ́, a rí Ọ̀rẹ́, wọn kò bára mu. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Nínú Unicode, Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1ECC. Ò ní tirẹ̀, 00D2. Ọ̀ tí ó ní àmì méjèèjì kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni a fi ń kọ ọ́: 1ECC pẹ̀lú àmì ohùn 0300, tàbí 00D2 pẹ̀lú àmì abẹ́ 0323, tàbí O lásán, 004F, pẹ̀lú àmì méjèèjì. Bí àtẹ tí ògbufọ̀ fi kọ̀wé bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó kọ ìdánwò, àìbáramu dé nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ bọ́tìnnì ni, ó tún lọ́jú pọ̀ sí i: ẹ̀rọ kò ní rí bọ́tìnnì náà, yóò dúró títí gbèdéke yóò fi pé, yóò sì ròyìn ìdílọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àìbáramu lẹ́tà ni ó wà nídìí rẹ̀.

Unicode ti pèsè ìlànà ìmúdọ́gba fún èyí. Èyí tí à ń pè ní NFC máa ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 1ECC pẹ̀lú 0300, èdè JavaScript sì ti ní irinṣẹ́ fún un láti 2015. Ohun tí a retí àti ohun tí a rí ni kí a mú dọ́gba, kí a tó fi wọ́n wéra. Ìlànà yìí kò kan àwọn tí ń fi ìlà kékeré, 0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò 0323. Lójú Unicode, àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Olóòtú ni yóò yan ọ̀kan.

Yíyọ àmì kúrò kì í ṣe ojútùú rárá. Ìdánwò tí kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ yóò máa yege lójú-ìwé tí ó ń ta ọkọ́ fún ẹni tí ó wá ra ọkọ̀. Yíyege òfo ni a dábàá fún irú èyí. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí yóò fi í hàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í ka àbájáde ìdánwò tí ó yege. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá iṣẹ́ padà fún ògbufọ̀, kí ó béèrè nọ́ńbà lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ó tó fọwọ́ kan àmì kankan.